Ọmọ Ibo Ni Ọ́? Níbo Ni Wọ́n Bí Ọ Sí?

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu géètì kan ní Magodo ní Èkó, tí ẹ bi ẹni mẹ́wàá léèrè pé ọmọ ibo ni wọ́n, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ Magodo. Ọ̀kan á ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èkejì á ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹ̀kẹta á ní Ẹ̀gbá ni òun, ará Aké. Bẹ́ẹ̀, Èkó ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, Magodo yìí sì ni àwọn ọmọ wọn ti gbọ́njú. Wọn kò purọ́. Bí Yorùbá bá bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́, ilé bàbá rẹ ló ń béèrè, kì í ṣe yàrá tí wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ. Orúkọ ìlú tí o bá dá lóhùn ló máa sọ oríkì tí wọ́n lè kì ọ́, èèwọ̀ tó yẹ kí o mọ̀, àti ibi tí wọ́n máa gbé òkú rẹ lọ.

Ìwé kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìkókó ti ké nìkan ni ìwé ń wá, àti ọjọ́ tó ké. Nínú àwọn tí mo ti bá wá ìwé ìbí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà wọn, yálà nítorí pásípọ́ọ̀tì tàbí nítorí físà, mo rí i pé kì í ṣe owó tàbí òfin ló kọ́kọ́ ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè kejì. Ìlú bàbá ni wọ́n ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìwé wà níbi tí ìbí ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá kan wà ní òpópónà wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1956 ni wọ́n bí wọn sí Ìlú Ọba, nígbà tí bàbá wọn ń kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́wọ́. Wọ́n tó ọmọ ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó mú wọn wálé. Ìwé ìbí wọn wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà náà, pélébé kan báyìí, nínú àpò ike, lábẹ́ àwọn aṣọ òfì. Nígbà tí ọmọ ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún méjìlélógún, fẹ́ béèrè físà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún ọmọ ilẹ̀ Kọmọńwẹ́ẹ̀tì tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba, gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìwé kúkú wà.

Pélébé yẹn kò tó. Láti ọdún 1947 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fúnni ní ìwé ìbí oríṣi méjì. Èyí kékeré ń sọ orúkọ ọmọ, akọ ni tàbí abo, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti àgbègbè tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò dárúkọ bàbá, kò dárúkọ ìyá. Èyí gígùn ló ń sọ ìyẹn, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, iṣẹ́ bàbá, àti àdírẹ́sì ilé. Ẹ̀wọ̀n ni ẹni tó ń fi ìran béèrè ẹ̀tọ́ ń so. Ìwé kan ní láti di òmíràn mú: ìyá àgbà, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ tó ṣàlàyé ìdí tí orúkọ fi yí padà, ìwé ìbí ọmọ tó bí, lẹ́yìn náà ìwé ìbí ọmọ ọmọ. Ìwé tí kò bá dárúkọ òbí dà bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ọwọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn ṣeé fi gbálẹ̀ ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ bí òfin náà ṣe rí, nítorí àhesọ ti pọ̀ jù nípa rẹ̀ ní ilé ìjọsìn àti ní ilé ayẹyẹ. Ẹni tí wọ́n bá bí sí Ìlú Ọba kí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983 tó dé, ọmọ ilẹ̀ náà ni, àfi tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀ nìkan kò tó mọ́. Ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá ti jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kí wọ́n ti gbà á láyè láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn pín àwọn ọmọ Màmá Lọ́ńdọ̀nù sí ọ̀nà méjì. Èkó ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ẹ̀gbọ́n ní 1981, àbúrò ní 1984. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àbúrò láti ọjọ́ tó ti dáyé, ì báà má tíì fọwọ́ kan pásípọ́ọ̀tì wọn rí, nítorí òfin tuntun gba ìyá láàyè láti fi ẹ̀tọ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bàbá nìkan ló lè ṣe é fún ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun. Wọ́n ti ń tún ìyà yìí ṣe láti ọdún 2002, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n náà lè forúkọ sílẹ̀ lónìí kó sì gba ohun tí àbúrò gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìnira yẹn ti pẹ́ tó lórí ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀tọ́ náà kì í dédé kọjá ìran kan tí wọ́n bí sẹ́yìn odi. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọmọ fi ń béèrè físà ìran, tí kì í ṣe pásípọ́ọ̀tì.

A padà sórí ìwé. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1837 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló sì lè sanwó kó gba ẹ̀dà ìwé ìbí ẹnikẹ́ni, nítorí ìwé ìta gbangba ni wọ́n kà á sí. Atọ́ka orúkọ wà tí a lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1956 tí à ń sọ yìí, wọ́n ń to atọ́ka náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àgbègbè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láti ọdún 1911 ni wọ́n sì ti ń kọ orúkọ ìdílé ìyá sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ìyá yìí máa wúlò fún wa tó bá yá.

Àgbègbè àti orúkọ ìdílé tó wà lórí pélébé náà ti parẹ́, nítorí náà a wá Màmá Lọ́ńdọ̀nù ní Kent. Kent ni wọ́n ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan tí wọ́n ṣì ń rántí àkàrà òyìnbó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba láàárín 1950 sí 1970 ló gbé ọmọ fún àwọn òyìnbó ní Kent àti Sussex tọ́, kí ọkọ àti aya lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣì gbé ìbànújẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn lọ́kàn títí di òní, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé, ibi tí ìrántí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bí i. A yẹ Kent wò láti òkè dé ilẹ̀, a kò rí nǹkan kan. A yẹ orúkọ ìdílé wọn wò ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì, kò sí.

Ìṣòro orúkọ nìyẹn, kò sì síbi tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Láyé bàbá wa, orúkọ ìdílé kì í ṣe nǹkan kan tó dúró sójú kan. Ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta lè lọ sí ilé ìwé mẹ́ta, kí ọ̀kan máa fi orúkọ àbísọ bàbá ṣe orúkọ ìkẹyìn, kí èkejì máa fi ti bàbá àgbà ṣe é, kí ẹ̀kẹta sì gba orúkọ agboolé. Ẹlòmíràn gba ìgbàgbọ́, ó yọ Ògún kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Olú rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú akọ̀wé òyìnbó, tí akọ̀wé bi í pé kí lorúkọ rẹ, orúkọ tó bá wá sí i lẹ́nu ló dáhùn, akọ̀wé sì kọ ọ́ bó ṣe dún létí rẹ̀. Kò sí àmì, kò sí ẹ tàbí ọ, ṣ di sh. Bí ẹ bá ń wá orúkọ Yorùbá nínú ìwé òyìnbó, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí etí òyìnbó lè gbà gbọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi orúkọ àbísọ bàbá kún un. Kí ẹ sì wá abala ìwé ìròyìn tí bàbá ti kéde pé òun pa orúkọ dà, pẹ̀lú àfídéfíìtì kọ́ọ̀tù tó bá a rìn. Mo ti rí abala ìwé ìròyìn tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tó gba ìran mẹ́ta sílẹ̀.

Apá ti ilé wa ló tún ta kókó jù. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwa kò ní àkọsílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1863, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ni òfin ìforúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ti jáde níbí. Ó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gómìnà àgbà Lugard ṣe tirẹ̀ ní 1917, ìjọba ológun ṣe òmíràn ní 1979. Lẹ́yìn náà ni ti ọdún 1992 dé, èyí tó gbé iṣẹ́ náà lé àjọ tó ń rí sí ìkànìyàn, NPC, lọ́wọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé ìwé tí wọ́n gbà ṣáájú 1992 wà káàkiri, ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, ìwé ìjẹ́rìí-sí-ọjọ́-orí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní attestation ni NPC ń fún un, kì í ṣe sátífíkéètì ìbí gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ náà. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, ìwé tí a ṣe lónìí nípa ìbí 1981 kò lágbára tó èyí tí wọ́n kọ ní 1981 fúnra rẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún ará àdúgbò pé kí wọ́n kọ́kọ́ tú àpótí kí wọ́n tó lọ jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ìsanwó ilé ìgbẹ̀bí, ojú ewé àkọ́kọ́ nínú Bíbélì ìdílé, gbogbo rẹ̀ ló lẹ́nu.

Fún àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìrìbọmi ni ọ̀gá. Láti ìgbà tí Townsend àti àwọn ajíhìnrere CMS ti fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846 ni ìjọ ti ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń rì bọmi. Ìwé yìí sàn ju àfídéfíìtì tí wọ́n búra sí lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá ń lọ lásìkò tó bímọ ló yẹ ní wíwò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ìlú bàbá.

Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ń kọ́? Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gba orí kọjá kó kan etí kejì, wọ́n á ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bá kan etí, ọ̀gá ilé ìwé á ṣírò ọdún fún un, á kọ ọjọ́ kan sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá kọ yẹn ló ṣì wà lórí pásípọ́ọ̀tì ọ̀pọ̀ bàbá lónìí. Ìyá tó bímọ kò gbàgbé ọjọ́ ní tirẹ̀. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló fi so ó mọ́lẹ̀: ọdún àrùn lukúlukú, èyí tó dé Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1918, ogun Hitler, ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956. Àwọn kan á ní ìgbà tí ọ̀sán ṣú bí òru, ìyẹn sì ní ọjọ́ pàtó: 20 oṣù karùn-ún 1947, tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá lórí apá gúúsù ilẹ̀ wa. Ẹni tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé oyún rẹ̀ wà nínú òun lọ́jọ́ náà ní ẹ̀rí tó le ju ti ọ̀gá ilé ìwé lọ, àfi pé kò sí ọ́físì tó máa gbà á. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu, Sákétẹ́ àti Pọ̀bẹ̀, níbi tí Faransé ti jọba, akọ̀wé a máa kọ ọ́ pé wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1945, láìfi ọjọ́ kún un. Mo fẹ́ràn ìwà òótọ́ inú ìyẹn. Ọjọ́ tí a ṣẹ̀dá ń di irọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọmọ nígbà tí ìwé méjì bá dé orí tábìlì kan, tí wọn kò bára mu.

Àwọn kan wà tí ìwé wọn dá ìbéèrè kan lóhùn tó sì gbàgbé èkejì pátápátá. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lọ sí Bràsíl, nínú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni orúkọ wọn wà, nítorí ìjọba ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí sílẹ̀ káàkiri títí di 1889. Orúkọ Potogí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìlú bá sì kàn, wọ́n á kọ Nagô. Ṣé Ọ̀yọ́ ni, ṣé Ìjẹ̀ṣà ni, ṣé Kétu ni? Nagô náà ni. Ní Kúbà, Lukumí. Ní 1890, Ruy Barbosa tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó tún pàṣẹ pé kí wọ́n sun àwọn ìwé tó jẹ mọ́ oko ẹrú. Èyí ni ọmọ Bàhíà tó ń wá ilé bàbá rẹ̀ lónìí ń bá pàdé. Ọ̀nà kejì náà le. Àwọn ọmọ Àgùdà tó padà sí Èkó, tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ́ da Silva àti da Rocha ní Pópó Àgùdà, kò lè kàn fi orúkọ béèrè pásípọ́ọ̀tì Bràsíl, torí ìran kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí sẹ́yìn odi ló yẹ kó ti fìdí tirẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó tó kàn án.

Àwọn ti Sàró ní ìwé tó dáa jù. Àwọn akọ̀wé tó ń gba àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Freetown kọ orúkọ tí oníkálukú ń jẹ́ nílé, ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kó orúkọ ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lo orúkọ náà láti mọ èdè àti ilé tí wọ́n ti wá. Orúkọ la fi ń mọ ilé, Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ wo Àjàyí tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821. Nígbà tó gba ìrìbọmi ní Sàró ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n sọ ọ́, ó di Samuel Crowther. Ẹni tó bá fi ìwé ìrìbọmi yẹn nìkan wá a, Òṣogùn kò ní hàn níbì kankan. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá tó bí i, lẹ́yìn ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n. Ẹnu àti ojú ló so wọ́n pọ̀, ìwé kọ́.

Ó dà bí ẹni pé orílẹ̀-èdè Benin gbọ́ èyí nígbà tí wọ́n ṣe òfin wọn ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tó bá jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ adúláwọ̀, tó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí kò sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan, lè béèrè láti di ọmọ Benin. Wọn kò ní kó mú ìwé ìbí baba ńlá dandan: ìwé, ẹ̀rí ẹnu, àyẹ̀wò DNA, wọ́n á gbé e yẹ̀ wò. Ciara, olórin Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2025. Ará Magodo tó ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò lè bá wọn gba èyí, bí ìyá ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti Kétu wá.

Àwọn ibòmíràn ń ṣí ilẹ̀kùn, àwọn kan ń tì í. Kroatíà mú ìdíwọ́ iye ìran kúrò fún àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó ti ilẹ̀ wọn ṣí lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọn kò sì tún fi èdè wọn dán wọn wò mọ́. Àwọn tó ń ti Ṣílè àti Amẹ́ríkà béèrè ń wá baba ńlá wọn nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, nítorí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Kroatíà tó gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ. Ọ̀pọ̀ mọ orílẹ̀-èdè tí bàbá ti wá, wọn kò mọ abúlé. Abúlé ni ìwé wà. Ítálì tó ti ń gba ìran gbogbo tẹ́lẹ̀ fi òfin ọdún 2025 dá a dúró sí òbí àgbà. Ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀ níbẹ̀ ti pàdánù.

Ìwé òfin tiwa ti 1999, abala 25, ló wú mi lórí jù. Fún ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà ṣáájú òmìnira, ohun tó béèrè ni pé kí bàbá tàbí ìyá, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, jẹ́ ti àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìbéèrè Yorùbá gan-an nìyẹn, ọmọ ibo ni ọ́! Torí rẹ̀ ni ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fúnni ṣe wà. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ní láti ní òbí kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ òbí àgbà nìkan ló ní, abala 26 gbà kó forúkọ sílẹ̀ nígbà tó bá dàgbà, ṣùgbọ́n abala 28 ní kó jáwọ́ nínú ti orílẹ̀-èdè kejì bí kò bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ láti ìbí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ọmọ wa ní Peckham àti Houston pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ òbí wọn wò dáadáa. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nígbà ìbí rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò nílò láti gba ọ̀nà òbí àgbà.

Àwa ará Magodo yìí kò nílò ẹni tó máa sọ fún wa pé ìwé àtijọ́ ní agbára. Àwọn onílé Shangisha, ní Magodo níbí, tí ìjọba wó ilé wọn ní àárín àwọn ọdún 1980 dúró ti ẹjọ́ wọn títí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi dá wọn láre ní 2012, lórí púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ 549. Àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà kò sí mọ́ nígbà tí ìdájọ́ dé.

Ní ti Màmá Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò ìyá wọn kan ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. A pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé níbo ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, kò rò ó rárá: “Paddington ni. Òkè ilé alápatà la háyà. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, ìyá rẹ̀ ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ kọ orúkọ ọmọ òun.” Ó sọ orúkọ ìdílé ìyá fún wa, ó pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi orúkọ ìyá yẹn wá a ní Paddington, nínú oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ẹlẹ́ẹ̀kẹta ọdún 1956. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde. Orúkọ àbísọ bàbá wọn ni akọ̀wé fi ṣe orúkọ ìdílé.

Ìwé gígùn náà dé nínú àpòòwé funfun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn fẹ́ gbà á kó lọ ya ẹ̀dà rẹ̀, Màmá ní kó dúró ná. Wọ́n gbé awò ojú wọn sí i. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó wá sọ nípa ìbí náà fún akọ̀wé, orúkọ ìyá wọn ló wà níbẹ̀, ìyá tó kú nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kejì ní ilé ìwé girama, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé tó wà lókè alápatà. Wọ́n ka nọ́ńbà náà sókè. Wọ́n tún un kà.